Ìpàdé Ẹnì Kan ní Ilé Ìránṣọ Àbẹ̀ní

Òkè-Fìà,
Òṣogbo.
Ọjọ́ Ajé, 17 Oṣù Kọkànlá, 1975.

Fọláṣadé ọmọ mi, Àwẹ̀ró,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo lérò pé ara yín le, àti pé ọyẹ́ Kàdúná kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í la ètè àwọn ọmọ. Bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀, òrí ni kí o fi pa wọ́n, má fi ìpara olóòórùn dídùn yẹn pa wọ́n, kò ṣe nǹkan kan fún ara. Ní tèmi, mo wà bẹ́ẹ̀ náà ni. Orúnkún ọ̀tún kò fẹ́ rí àtẹ̀gùn mọ́. Ṣùgbọ́n orúnkún kọ́ ni mo tìtorí rẹ̀ mú gègé.

Ìpàdé ilé ìránṣọ ìyá yín ti wáyé ní ìjẹta, ọjọ́ Àbámẹ́ta. Èmi nìkan ni mo jókòó sí i, èmi nìkan ni mo sì dìbò. Ohun tí mo fi ìbò náà ṣe kan ọ, ó kan ẹ̀gbọ́n rẹ, n kò sì fẹ́ kí o kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu lọ́yà. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó láti àárọ̀ kí n lè kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, títí kan ibi tí ìwọ náà ti mọ̀. Mo rò pé ibi tí o mọ̀ kò tó bí o ṣe rò.

O rántí ọdún 1964 tí ìyá yín sọ ilé ìránṣọ rẹ̀ ní Iléṣà di kọ́ńpìnnì, tí ó fi orúkọ ara rẹ̀, Àbẹ̀ní, pè é. Ẹ̀rọ mẹ́rin ni ó ní nígbà náà, aṣọ ilé-ìwé ni wọ́n sì ń rán fún àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà. Lọ́yà Fáṣínà ni ó bá wa ṣe ìwé. Ìyá yín ni ó ni ìpín tó pọ̀ jù, ìwọ àti Kọ́láwọlé ní tiyín, wọ́n sì fún èmi ní ẹyọ kan ṣoṣo kí n lè máa ṣe akọ̀wé. Ẹyọ kan yẹn ni ìyá yín fi ń ṣe mí yẹ̀yẹ́: “Bàbá onípìn-ín kan, ẹ bá wa ṣí fèrèsé.” Lọ́yà ní kí a sọ iye ènìyàn tí ó gbọ́dọ̀ jókòó kí ìpàdé tó lè jẹ́ ìpàdé. Ìyá yín ní mẹ́ta, nítorí a jẹ́ mẹ́rin, ibà sì lè mú ẹnì kan. Ibà ni a rò, a kò ro ikú. Nígbà tí ó kú ní 1972, tí ìpín rẹ̀ pín sí ọ̀nà méjì ọgbọọgba láàárín ẹ̀yin ọmọ, mẹ́ta di gbogbo wa. Láti ọjọ́ náà, bí ẹyọ ẹnì kan nínú wa bá ti dúró sílé, ìpàdé kò sí.

N kò ní í tún ìjà yín jà nínú ìwé yìí. Ẹ̀gbọ́n rẹ ta ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ tí ìyá yín fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ó ní irin tó ti dípẹtà ni. Ìwọ pè é ní olè lọ́jọ́ tí a ṣe ogójì ìyá yín, níwájú àwọn ìyá ìjọ. Òun náà sì dáhùn pé ọmọbìnrin tó ti wọ reluwé lọ sílé ọkọ kò ní ohùn nínú ilé tí wọ́n ti ń ránṣọ. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ṣojú mi. Abọ́ ìrẹsì wà lọ́wọ́ mi, n kò sì rí ibi tí mo lè gbé e kalẹ̀ sí. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹnì kan wá fẹ́ ra ilé náà láti fi kọ́ ilé epo. Kọ́láwọlé ní kí a tà á. Ìwọ ní bí wọ́n bá máa tà á, kí wọ́n tà ọ́ mọ́ ọn. Ó wá di pé ẹni tó bá ti fura pé ìpàdé kan kò ní í bá òun lára mu, kò ní í lọ, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Ó kan ẹ̀bi tèmi wàyí. Mo mọ̀ pé o ti ń dúró dè é.

Kí o tó bínú, rántí bí ìyá yín ṣe máa ń ṣí ìpàdé. Kò ní í jẹ́ kí n ka ohunkóhun àfi bí ó bá ti la obì aláwẹ́ mẹ́rin sórí àwo funfun rẹ̀. Awẹ́ kan jẹ́ tirẹ̀, ọ̀kan tèmi, ọ̀kan ti Kọ́láwọlé, ọ̀kan tìrẹ. Ní gbogbo ìgbà tí o fi wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, etí àwo ni tìrẹ máa ń wà, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn án. Ìyá yín á ní, “Fọláṣadé wà níbí, ó kàn jáde díẹ̀ ni.” Èmi náà á sì kọ orúkọ rẹ mọ́ àwọn tó jókòó. Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. O rí i fúnra rẹ nínú ìwé ìpàdé nígbà tí o wá lo ìsinmi, o sì rẹ́rìn-ín, o ní o kò mọ̀ pé o wà ní ibi méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1973, mo pe ìpàdé. N kò fi ìwé pè yín. Mo sọ fún ìyàwó Kọ́láwọlé lẹ́yìn ìsìn pé kí ó sọ fún ọkọ rẹ̀. Ní tìrẹ, mo rán Àmúdà sí ọ, gáàdì reluwé tí a jọ ṣiṣẹ́ pọ̀, pé bí ó bá ti dé Kàdúná kí ó yà kí ọ. Èrò mi ni pé ajẹgbèsè ni à ń fi ìwé pè. Ọmọ ẹni, a máa ń ránṣẹ́ sí i ni, á sì wá. Wọ́n ní kí Àmúdà bá ọkọ̀ rẹ̀ kọjá sí Kánò lọ́jọ́ náà, ó sì gbàgbé. Ìgbà tí ó máa fi rántí, ìpàdé ti kọjá ní ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Kọ́láwọlé wá. Mo la obì bí ìyá yín ti ń ṣe. Awẹ́ ti ìyá yín, mo fún Ìbíjọkẹ́, ọ̀gá àwọn aránṣọ. Tìrẹ, mo fi sétí àwo. Kọ́láwọlé dábàá pé kí a jẹ́ kí òun bẹ̀rẹ̀ sí í bá olùra náà sọ̀rọ̀, n kò sì ta kò ó. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Lókè ìwé, mo kọ ohun tí ọwọ́ mi ti mọ́: àwọn tó wà níbẹ̀ ni Ọdúntán Fásanmí, Kọ́láwọlé Fásanmí, Fọláṣadé Béjidé.

Lẹ́tà lọ́yà rẹ láti Kàdúná ni ó sọ fún mi pé ayédèrú ìwé ni mo kọ. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ka ọ̀rọ̀ náà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ̀wé fún reluwé, kò sí ẹni tó fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kàn mí rí. Mo gbé ìwé ìpàdé lọ bá Lọ́yà Fáṣínà.

Ó ní, “Bàbá, ṣé ó wá?”

Mo ní, “Kò wá, ṣùgbọ́n obì rẹ̀ wà níbẹ̀.”

Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó fi etí agbádá nù ún. Ó ní, “Bàbá, òfin kì í ka awẹ́ obì mọ́ ènìyàn.” Ó sì fa ìlà pupa sórí ìpàdé náà láti òkè dé ilẹ̀.

Òótọ́ rẹ ni, Fọláṣadé. Láti ìgbà náà ni ó ti yẹ kí n kọ ọ́ sí ọ bẹ́ẹ̀. Ojú ló tì mí. Mo sì ń bínú pé lọ́yà ni o rán sí bàbá rẹ, ìbínú yẹn kò jẹ́ kí n rí i pé èmi ni mo kọ́kọ́ ṣẹ̀ ọ́. N kò gbè sẹ́yìn ẹ̀gbọ́n rẹ. Àṣà ìyá yín ni mo tẹ̀ lé, n kò ronú pé ẹni tó ni àṣà ti lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọdún kan àti ààbọ̀ kọjá láìsí ìpàdé. Àsìkò tí Kọ́láwọlé fi jẹ́ olùdarí ti parí, kò sì sí ìpàdé tí a fi lè tún un yàn tàbí tí a fi lè yan ẹlòmíràn. Ní oṣù Kẹta ọdún yìí ni ìwé dé láti ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń kọ orúkọ àwọn kọ́ńpìnnì sílẹ̀ ní Èkó. Wọ́n ní kọ́ńpìnnì tí kò ní olùdarí, tí kì í ṣe ìpàdé, ti kú lójú àwọn, àwọn yóò sì pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ kí ọdún tó parí. Mo bi Fáṣínà pé bí orúkọ bá parẹ́, ta ni ó ni ilé? Ó ní orúkọ kọ́ńpìnnì ni ilé náà wà, bí kọ́ńpìnnì kò bá sí mọ́, ilé di ti ìjọba. Ẹ̀yin méjèèjì ń fa aṣọ mọ́ ara yín lọ́wọ́, ẹni tó ń kọjá lọ ti fẹ́ ká a sí abíyá. Aránṣọ mẹ́sàn-án ni ó wà níbẹ̀ báyìí. Ìbíjọkẹ́ ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí ilé náà kò tíì ní àjà.

Mo wá fi ìwé pè yín. O kò fèsì. Kọ́láwọlé ní, “Bàbá, bí ó bá wá, mo máa wá. Bí kò bá wá, kí ni mo fẹ́ lọ jókòó wò?” Mo gbà pé òótọ́ ni ó sọ. Bí òun àti èmi bá jókòó, méjì ni wá.

Bí mo ṣe dé kóòtù nìyẹn. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo dúró ní kóòtù rí, ọjọ́ tí mo jẹ́rìí lórí ewúrẹ́ tí reluwé pa. Wọ́n ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Mo ń sọ fún ara mi nínú ọkọ̀ Iléṣà pé ọ̀rẹ́ ni wọ́n wí, wọn kò wí ọmọ. Kò tù mí nínú tó bẹ́ẹ̀.

Adájọ́ náà kò ju ẹgbẹ́ Kọ́láwọlé lọ. Ó ka ìwé wa tán, ó wò mí. Ó ní, “Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ bí wọn, ẹ kò lè pè wọ́n kí wọ́n jókòó?”

Mo ní, “Olúwa mi, bí mo bá lè ṣe é, n kò ní í wá yọ yín lẹ́nu.”

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òfin mọ̀ pé irú èyí lè ṣẹlẹ̀, ó sì fún kóòtù ní agbára láti pe ìpàdé tí àwọn oníǹkan kò lè pè fúnra wọn. Ó pàṣẹ kí ìpàdé wáyé ní agogo méjìlá ọ̀sán, ọjọ́ Àbámẹ́ta kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù yìí, nínú ilé ìránṣọ. Ó ní kí a kọ̀wé sí gbogbo wa ní ọjọ́ mọ́kànlélógún ṣáájú, lẹ́tà rẹ́jísítà tí ẹni tó gbà á gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí. Ó wá ní bí ó bá jẹ́ pé onípìn-ín kan péré ni ó jókòó lọ́jọ́ náà, ìpàdé ni, ohun tí ó bá sì pinnu ti dúró.

Mo ní kí wọ́n forí jì mí, mo ní lọ́dọ̀ tiwa, ẹnì kan kì í jẹ́ àwá dé.

Ó ní, “Bàbá, lọ́jọ́ náà, ẹ ó jẹ́ ẹ.”

Lẹ́tà rẹ dé ọwọ́ rẹ. Mo mọ̀, nítorí wọ́n dá ìwé ẹ̀rí rẹ̀ padà sí mi, ìfọwọ́sí rẹ sì wà lórí rẹ̀. Mo wò ó pẹ́. Lẹ́tà tí lọ́yà bá ọ kọ ni mo ti ń rí, ó ti lé ní ọdún méjì tí mo rí ohun tí ìwọ fúnra rẹ fi ọwọ́ kọ gbẹ̀yìn. O ṣì ń fa ẹsẹ̀ F rẹ gùn bí mo ṣe kọ́ ọ. Mo sọ fún ara mi pé ẹni tó fọwọ́ sí ìwé, ó ṣeé ṣe kó wọ ọkọ̀.

Nítorí náà ni mo ṣe lọ sí ibùdó reluwé láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Mùstàfá tí mo kọ́ ní tẹlifóònù àti tẹligíráàmù ni ọ̀gá ibùdó báyìí. Ó ní, “Bàbá, ẹ kú àtijọ́. Ta là ń retí?” Mo ní onípìn-ín ni. Ó ní, “Orúkọ ìlú wo nìyẹn?” Ọkọ̀ pẹ́ wákàtí méjì. Àwọn obìnrin tó sọ̀ kalẹ̀ kó àlùbọ́sà lọ́wọ́, mo wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí ọ̀kan fi bi mí bóyá mo fẹ́ ra. Mo tún lọ láàárọ̀ Àbámẹ́ta. Mùstàfá kò ṣẹ̀fẹ̀ mọ́. Ó gbé àga fún mi. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbá inú ọkọ̀ tó kẹ́yìn, ó ní, “Bàbá, ẹ máa lọ, kí agogo méjìlá má bá yín níbí. Bí ó bá bá ọkọ̀ mìíràn dé, èmi fúnra mi á wá ẹni tí yóò gbé e wá bá yín ní Iléṣà.”

Ìbíjọkẹ́ ti to àga mẹ́ta sínú yàrá tí wọ́n ti ń gé aṣọ, ó ti ká aṣọ kúrò lórí tábìlì ńlá. Nítorí pé kò ní ìpín, ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn ni ó lọ jókòó sí. Mo dúró di agogo méjìlá ààbọ̀. Mo rí ọkọ̀ Kọ́láwọlé lójú fèrèsé, ó ń rọra kọjá lọ lójú títì bí ọkọ̀ tó ń sin òkú. Kò dúró.

Mo la obì. Mo jẹ tèmi. Mo fún Ìbíjọkẹ́ ní awẹ́ ti ìyá yín, mo fi tiyín méjèèjì sétí àwo. Mo wá sọ fún yàrá náà pé mo ṣí ìpàdé.

Fọláṣadé, n kò mọ bí mo ṣe máa kọ èyí tí kò ní í jọ ẹ̀fẹ̀. Mo dá àbá. Mo wá ẹni tí yóò kín mi lẹ́yìn, mo sì kín ara mi lẹ́yìn. Mo ní kí àwọn tó fara mọ́ ọn nawọ́ sókè, mo nawọ́. Ìbíjọkẹ́ yọjú, ó ní, “Bàbá, ṣé omi lẹ fẹ́ ni?” Mo ní rárá, ìbò ni mo ń dì. Ó ní, “Ta ló wọlé?” Mo ní èmi náà ni. Ó wò mí títí, ó sì rọra pa ìlẹ̀kùn dé.

Kí n tó nawọ́, mo ti jókòó fún ìgbà díẹ̀. Mo lè fi Kọ́láwọlé nìkan jẹ olùdarí, kí a ta ilé kí Kérésì tó dé, kí etí mi sinmi. Mo lè fi ìwọ nìkan jẹ ẹ́, kí o fi mọ̀ pé n kò kórìíra rẹ. Mo lè fi ara mi jẹ ẹ́. Ta ni yóò bi mí? Onípìn-ín kan, tí wọ́n ń ní kó ṣí fèrèsé. Irú agbára bẹ́ẹ̀ kò dé ọwọ́ mi rí, ó sì rẹ̀ mí láti rí i.

Ohun tí mo ṣe nìyí. Mo yan ẹ̀yin méjèèjì ní olùdarí, ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ, ẹ kò ga ju ara yín lọ. Mo sì pinnu pé a kò gbọ́dọ̀ ta ilé, a kò gbọ́dọ̀ fi yáni, a kò gbọ́dọ̀ ra ẹ̀rọ tàbí tà á, àfi kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i nídìí tábìlì kan náà, lójú ara yín. Mo gbé e dé ọ̀dọ̀ Fáṣínà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní, “Bàbá, òfin kò ní kí wọ́n jókòó pọ̀. Ìfọwọ́sí wọn tó.” Mo ní kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní tí ẹnì kan bá kọ̀ ńkọ́? Mo ní nígbà náà, aṣọ ilé-ìwé kò ní í jáde, Ìbíjọkẹ́ àti àwọn yòókù á sì mọ ẹni tí wọ́n máa bi. Ó mi orí, ó kọ ọ́. Ìwé ti ń lọ sí Èkó. Orúkọ ìyá yín kò ní í parẹ́ lọ́dún yìí.

Ó ku ohun kan tí mo fẹ́ kí o mọ̀. Lókè ìwé, níbi tí a ń kọ àwọn tó wà níbẹ̀ sí, orúkọ kan ṣoṣo ni mo kọ. Awẹ́ obì yín wà níwájú mi lórí àwo. N kò kọ wọ́n.

Bóyá mo ti ṣe àṣìṣe mìíràn. Bí o bá rò bẹ́ẹ̀, wá sọ ọ́ fún mi. Mo ti pe ẹ̀yin olùdarí méjèèjì sí ìpàdé yín àkọ́kọ́ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kejìlá, nínú ilé mi níbí. Ìwé ìpè rẹ wà nínú àpò ìwé yìí, ó bá òfin mu, Fáṣínà ti wò ó. Ọkọ̀ tó bá kúrò ní Kàdúná lọ́jọ́bọ̀, láàárọ̀ Ẹtì ni yóò gbé ọ dé Òṣogbo, o kò ní í pààrọ̀ ọkọ̀ níbì kankan. Mú ọmọ tó kéré jù dání, n kò tíì rí i. Èmi kò ní í jókòó sí ìpàdé náà, nítorí n kì í ṣe olùdarí. Màá wà ní ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn.

Kí Olúwa ṣọ́ ọ ní àlọ, kó ṣọ́ ọ ní àbọ̀. Kó má jẹ́ kí o fi ẹkún ṣí ìlẹ̀kùn ilé bàbá rẹ. Kí àwọn ọmọ tí o bí má fi tábìlì sílẹ̀ fún ara wọn bí ẹ̀yin ti ṣe, kí wọ́n sì sin ọ́ dé ibi tí ọjọ́ ogbó ń lọ. Bá mi kí ọkọ rẹ, sọ fún un pé bàbá ìyàwó rẹ̀ kò bínú sí i.

Èmi ni bàbá rẹ, tí ó ṣẹ̀ ọ́, tí ó sì ń retí rẹ,

Ọdúntán Fásanmí.

Ọ̀rọ̀ tí mo gbàgbé, tàbí tí kò tíì ṣẹlẹ̀ nígbà tí mo fọwọ́ sí i: mo ti fẹ́ lẹ ìwé yìí nígbà tí Kọ́láwọlé wọlé. Fáṣínà ti sọ fún un. Ó bínú, ó ní mo ti so òun mọ́ igi. Mo ní kì í ṣe òun nìkan ni mo so. Ó jókòó. Lẹ́yìn náà ni ó bèèrè pé awẹ́ òun dà. Mo gbé àwo tí mo gbé bọ̀ láti Iléṣà fún un. Awẹ́ náà ti le bí òkúta, ó sì jẹ ẹ́ tán. Nígbà tó dìde, ó wo tìrẹ tó ṣẹ́ kù. Ó ní, “Ẹ wọ́n omi sí i, Bàbá, kí ẹ fi ewé bò ó, kó má baà gbẹ kó tó dé.” Mo ti wọ́n omi sí i.